Àgbéyẹ̀wò PropertyChanged.Fody: kíláàsì àtijọ́ tó ń kéde àyípadà fúnra rẹ̀

Ẹni tó bá ń fi C# kọ ètò WPF (irinṣẹ́ Microsoft fún kíkọ ètò olójú fèrèsé lórí Windows) mọ wàhálà INotifyPropertyChanged, ìlànà tí kíláàsì ń tẹ̀lé láti kéde àyípadà. Láti .NET 2.0 ti ọdún 2005 ló ti wà: bí iye property kan (ìwífún tí kíláàsì ń tọ́jú, bí orúkọ) bá yí padà, kíláàsì gbọ́dọ̀ ta event (ìkéde) PropertyChanged, kí ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà lè bá a yí. Kò le, àkọtúnkọ rẹ̀ ló ń súni. Property tí ì bá gba ìlà kan á wá nílò field tirẹ̀ (ibi tí iye rẹ̀ ń gbé), ìfiwéra àtijọ́ àti tuntun, àti ìkéde. CallerMemberName tó bá C# 5 dé lọ́dún 2012 gbà wá lọ́wọ́ kíkọ orúkọ property sáàárín àmì ayọlò, ìyókù ṣì wà ńlẹ̀.

Kíláàsì tí wọ́n ti kọ tipẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ wo Castle DynamicProxy, tó ń ṣe kíláàsì arọ́pò nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́ kí property jẹ́ virtual (èyí tí kíláàsì mìíràn lè tún kọ), ó sì fẹ́ kí n máa gba object lọ́wọ́ òun dípò kí n lo new (ọ̀rọ̀ tí C# fi ń ṣẹ̀dá object). New sì kún inú kóòdù náà fọ́fọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Fody, irinṣẹ́ tí mo wá yàn, ò dúró dìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́. Aspect-oriented programming lòun náà ń ṣe, irú èyí tí Gregor Kiczales àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC kọ̀wé lé lórí lọ́dún 1997: iṣẹ́ kan náà tó fọ́n ká inú kíláàsì púpọ̀, ẹ kó o sójú kan. Bí compiler bá ti ṣe tirẹ̀ tán, Fody á fi Mono.Cecil (irinṣẹ́ tó ń ka kóòdù tí compiler ti túmọ̀, tó sì ń yí i padà) tú DLL (fáìlì tí compiler ṣe), á sì ki ìkéde bọ inú setter, apá property tó ń gba iye tuntun. Tèmi ò ju kí n fi package rẹ̀ kún project, kí n sì lẹ àmì AddINotifyPropertyChangedInterface mọ́ orí kíláàsì.

Ibi tó ti wú mi lórí jù ni property tí à ń ṣírò. Bí getter (apá tó ń dá iye padà) OrukoKikun bá ń ka Oruko àti OrukoIdile, Fody á rí i, á sì máa kéde OrukoKikun nígbàkigbà tí ọ̀kan nínú wọn bá yí. Ohun téèyàn máa ń gbàgbé gan-an nìyẹn.

Àmọ́ setter nìkan ló mọ̀. Ẹ fi nǹkan kún List inú property, kẹ́kẹ́ á pa, torí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan setter. ObservableCollection, àkójọ tó ń kéde ohun tí ẹ bá fi kún un, ló yẹ níbẹ̀. Ẹ yí inú object kan padà, kí ẹ tún fi object yẹn gan-an sí i, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan: á fi tuntun wé àtijọ́, á rí i pé ọ̀kan náà ni, àfi bí ẹ bá lo DoNotCheckEquality. Bí àpapọ̀ owó bá sì ti inú àkójọ àwọn ọjà wá, ẹ̀yin lẹ máa so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà, kóòdù tí ẹ ń kà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. ILSpy, irinṣẹ́ tó ń tú DLL padà sí C#, ni mo fi ń wo ohun tó ki bọ inú DLL. (Àwọn kan kórìíra idán báyìí, mi ò bá wọn jiyàn.)

Fún kíláàsì tuntun, CommunityToolkit.Mvvm (irinṣẹ́ Microsoft tó ń bá èèyàn kọ irú kóòdù yìí) ni màá lò, torí kóòdù tó ń kọ ṣeé ṣí kà. Ṣùgbọ́n ó ní kí kíláàsì jẹ́ partial (tí a lè pín sí fáìlì púpọ̀), kí n sì tún àwọn property kọ. Àwọn ti àtijọ́ yìí, Fody ni màá fi wọ́n sílẹ̀ fún.