Kíláàsì Prẹ́sì Kan ní Sùúrùlérè: Iwájú Dùn, Ẹ̀yìn Ṣófo

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àdúgbò ní Èkó, èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí dá lé ohun kan ṣoṣo: bí ikọ̀ kan ṣe lè lọ ká alátakò mọ́ iwájú ilé rẹ̀, kí wọ́n sì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí góòlù kò ti jìnnà. Èyí ni wọ́n ń pè ní prẹ́sì. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, lórí pápá kékeré kan tó ní kóríko oníke, tí kò jìnnà sí pápá ìṣeré Teslim Balógun. ₦15,000 ni owó rẹ̀ fún ẹnì kan. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Múṣín, Ajégúnlẹ̀ àti Ìsàlẹ̀ Èkó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní tèmi, ìdajì ẹ̀kọ́ náà tó owó rẹ̀ dáadáa. Ìdajì kejì ni wọn kò kọ́ wa.

Ètò 4-3-3 ni olùkọ́ lò: mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta níwájú. Ó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ ọn pé prẹ́sì kì í ṣe kí ènìyàn máa sáré kiri bí ẹni tí oyin ń lé. Àmì gbọ́dọ̀ wà tí gbogbo ikọ̀ mọ̀: bí bọ́ọ̀lù bá ta lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbà á, bí wọ́n bá dá a padà sẹ́yìn, tàbí bí ẹni tó gbà á bá kẹ́yìn sí wa, ìgbà yẹn ni kí gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí aṣọ́lé ta bọ́ọ̀lù sí ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn. Atamátàsé kò sáré lọ bá a ní tààrà. Ó yípo díẹ̀, kí ó lè dí ọ̀nà páàsì sí èkejì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ṣẹ́ kù tí bọ́ọ̀lù lè gbà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kó lọ, nítorí pé kí ẹni tó wà níbẹ̀ tó yíjú, wíńgà, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù iwájú tó ń gba ẹ̀gbẹ́, ti dé iwájú rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù àárín ti dí ọ̀nà inú, ìlà funfun ló sì kù lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ mú wa tún un ṣe láìsí bọ́ọ̀lù rárá, ó kàn ń nawọ́ sí ibi tí bọ́ọ̀lù ì bá wà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Arrigo Sacchi ti máa ń ṣe fún AC Milan tó gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 1989 àti 1990. Ẹnì kan kùn pé òun kò sanwó láti wá máa lé atẹ́gùn, ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù padà wọlé, gbogbo wa rí ìyàtọ̀.

Ẹ̀yìn ni mo ti ní ẹjọ́. Bí iwájú bá gòkè tí ẹ̀yìn dúró, àárín yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nítorí náà, àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ sún dé itòsí ìlà àárín pápá, kí òfin ọ́fúsáìdì, tó ní kí alátakò má ti kọjá àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù sí i, sì máa ṣọ́ ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Fọ́nrán tí wọ́n fi hàn wá ni ti 26 October 2024, nígbà tí Barcelona, tí Hansi Flick jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, na Real Madrid 4-0 ní Bernabéu, pápá Madrid, tí wọ́n sì mú Madrid ní ọ́fúsáìdì nígbà 12. Wọn kò dárúkọ ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League 2025, níbi tí Inter Milan ti gbá góòlù 7 sáwọ̀n Barcelona kan náà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, tí wọ́n sì lé e dànù. Kì í ṣe gbogbo góòlù yẹn ló gba ẹ̀yìn àwọn tó gòkè wọlé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí àwọn tó gba ibẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, VAR, ìyẹn rẹfirí tó ń fi fídíò yẹ ìpinnu wò, wà ní Bernabéu. Nínú ìdíje àdúgbò tiwa, rẹfirí nìkan ló sábà máa ń dá wà, tàbí kí ẹni tó di àsíá mú jẹ́ ọmọ ilé tí a lọ bá gbá bọ́ọ̀lù. Ta ni yóò na àsíá sókè nígbà tí ọmọ tó lẹ́sẹ̀ eré bá ti kọjá ẹ̀yìn yín? Mo bi olùkọ́, ó ní kí aṣọ́lé máa tètè jáde. Ìdáhùn náà kò kún ojú òṣùwọ̀n. Kò rán wa létí pé ẹni tó wà ní ìdajì pápá tirẹ̀ kì í sí ní ọ́fúsáìdì, kò sì sọ pé ní kété tí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù bá ti ráyè gbójú sókè, ṣe ni kí ẹ̀yìn máa padà, kí wọ́n má dúró máa gbé ọwọ́ sókè sí rẹfirí.

Àtíbàbà àti omi tútù wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ lásìkò, èyí tí kò wọ́pọ̀. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń péjọ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo lè gbà níyànjú pé kó lọ, nítorí pé sísáré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gba àtúnṣe lemọ́lemọ́. Ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ kì í pàdé àfi lọ́jọ́ ìdíje, kó fi owó náà ra bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní apá kejì ń bọ̀, lórí ẹ̀yìn nìkan, ní ₦15,000 mìíràn. Inú ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó wà.