Monsal, Tissington àbí High Peak: Ẹ Mú Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Ra Kẹ̀kẹ́

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà kẹ̀kẹ́, tí ẹ ní ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ ti Peak District, agbègbè olókè kan ní Ìlú Ọba, lẹ fẹ́ máa gùn, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà fa kẹ̀kẹ́ onígíà rẹpẹtẹ, tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú, jáde fún yín. Yóò ní òkè pọ̀ níbẹ̀. Kò purọ́. Àmọ́ ojú irin àtijọ́ ni èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà níbẹ̀, rélùwéè kì í sì í bá òkè jà. Àwọn tó la ojú irin yẹn ti gé òkè, wọ́n ti lu ihò sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi afárá ré àfonífojì kọjá. Iṣẹ́ wọn lẹ̀ ń jẹ lónìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀nà ni kó yan kẹ̀kẹ́ fún yín.

Derbyshire ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ fi wéra wà, ní agbègbè Peak District, ọgbà ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Monsal: ó rẹwà jù, ó rọrùn jù

Máìlì 8 ààbọ̀ ni, nǹkan bíi kìlómítà 14, láti Bakewell gba àfonífojì odò Wye lọ sápá Buxton. Rélùwéè ibẹ̀ dáwọ́ dúró ní 1968. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní 1981, ṣùgbọ́n àwọn ihò ńlá tó gba abẹ́ òkè kọjá wà ní títì títí di 2011. Mẹ́rin nínú wọn gùn tó nǹkan bí irinwó mítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ń tàn nínú wọn lọ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún nírọ̀lẹ́, kó gbé iná tirẹ̀ dání, nítorí òkùnkùn inú òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn òde.

Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá Headstone ní àwọn ọdún 1860, John Ruskin tó jẹ́ òǹkọ̀wé bínú gidigidi. Ó ní wọ́n ba àfonífojì jẹ́ torí kí àwọn òmùgọ̀ lè tètè ti Buxton dé Bakewell. Afárá yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ń dúró ya fọ́tò rẹ̀ báyìí.

Fún ẹni tó fẹ́ rajà: Monsal kò nílò kẹ̀kẹ́ olówó gọbọi. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ó sì le dáadáa. Kẹ̀kẹ́ lásán tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tààrà, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 35, yóò gbé yín lọ gbé yín bọ̀. Èrò ni wàhálà ibẹ̀: ọmọdé, ajá, ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin. Aago kẹ̀kẹ́ yóò wúlò fún yín ju gíà lọ. Bó bá jẹ́ eré sísá lẹ̀ ń wá, ẹ má lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó kàn bínú lásán ni.

Tissington: ojú ò rí òkè, itan ló mọ̀

Láti Ashbourne dé Parsley Hay, máìlì 13, ìyẹn kìlómítà 21. Ojú irin tí wọ́n ṣí ní 1899 ni, ó sì di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní 1971. Ọ̀nà náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ti kúrò ní Ashbourne, débi pé ẹ lè máa rò pé táyà yín ló ń jò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ashbourne, kí ó lè jẹ́ pé lábọ̀, nígbà tó bá ti rẹ̀ yín, ni kẹ̀kẹ́ yóò máa yí fúnra rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló lè yà yín lẹ́nu: lẹ́bàá Ashbourne, wọ́n ti wó afárá kan, ọ̀nà sì já wálẹ̀ sínú kòtò kó tó tún gòkè lójijì. Ẹ ti yí gíà padà kí ẹ tó débẹ̀.

Abúlé Tissington ní àṣà kan tó wù mí: nígbà ọdún Ìgòkè-re-ọ̀run Jésù, wọ́n á fi ewé òdòdó tẹ àwòrán sórí amọ̀, wọ́n á fi ṣe kànga abúlé lọ́ṣọ̀ọ́. Ó yẹ ní wíwò, ṣùgbọ́n ẹ má retí ọ̀nà tó dá lásìkò yẹn.

Ibí ni kẹ̀kẹ́ gravel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ eré tí táyà rẹ̀ fẹ̀ fún ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́, ti ń san owó ara rẹ̀ padà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 42, orí òkè gbalasa sì ni, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i láìsí ìdíwọ́. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò ń jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún atẹ́gùn, ẹ sì lè máa pààrọ̀ ibi tí ẹ ń dì mú kí àtẹ́lẹwọ́ má baà kú. Táyà mìlímítà 40 tó. Kẹ̀kẹ́ orí òkè oníṣọ́ọ̀kì yóò gùn ún, kò burú, àmọ́ ẹrù tí kò ṣiṣẹ́ kankan ni ṣọ́ọ̀kì yẹn níbẹ̀.

High Peak: ibi tí owó gíà ti wúlò

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Máìlì 17 ààbọ̀, kìlómítà 28, láti Dowlow nítòsí Buxton dé ibi odò àfọwọ́gbẹ́ Cromford. Rélùwéè rẹ̀ parí ní 1831, ó wà lára àwọn tó pẹ́ jù láyé. Odò àfọwọ́gbẹ́ ni àwọn tó gbèrò rẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe é bíi ti odò: wọ́n ń pe ibùdókọ̀ ní èbúté. Èbúté lórí òkè, láìsí omi! Ibi tí odò ì bá ti gba ìdènà omi (ilẹ̀kùn tó ń gbé omi àti ọkọ̀ sókè) gòkè, wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá tó ń lo ooru omi kalẹ̀, kó máa fi okùn irin fa ọkọ̀ gòkè. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní 1829 ṣì wà nínú ilé rẹ̀ ní Middleton Top.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹsẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà náà tẹ́, àfi apá Cromford. Ní Hopton, bí ẹ bá rin mítà 14, ẹ ti gun mítà 1 sókè. Ní Sheep Pasture, mítà 8 péré ni. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀fìn láti mú ọkọ̀ tó bá já, àfọ́kù ọkọ̀ sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú bíréèkì sílẹ̀ kó máa sáré bọ̀, kó kọ́kọ́ wo inú ọ̀fìn yẹn. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ kó fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́.

Bó bá jẹ́ High Peak lẹ̀ ń rajà fún, bíréèkì onídíìsì, èyí tó ń fún àwo irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú, ni kẹ́ ẹ gbà. Kí ẹ sì ka eyín gíà nínú ṣọ́ọ̀bù: eyín tó kéré jù níwájú kò gbọdọ̀ pọ̀ ju èyí tó tóbi jù lẹ́yìn lọ. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ń gun títì.

Ọ̀nà Manifold wà nítòsí, máìlì 8, ọ̀dà ni wọ́n yọ́ sí i, mọ́tò sì ń bá ènìyàn gba apá kan rẹ̀. Kò kan ọ̀rọ̀ wa.

Oníbátìrì ńkọ́?

Lórí Monsal, ìnákúnàá ni. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, tó sì fẹ́ gun High Peak láti Cromford, mo fọwọ́ sí i. Òfin ibẹ̀ ní ẹ̀rọ ara kẹ̀kẹ́ náà kò gbọdọ̀ lágbára ju wáàtì 250, kó dáwọ́ ìrànwọ́ dúró ní máìlì 15.5 ní wákàtí kan, kí ẹni tó ń gùn ún sì ti pé ọdún 14. Èyí tí wọ́n bá ti tún ṣe kó lè kọjá ìwọ̀n yẹn ti di alùpùpù lójú òfin, kò sì gbọdọ̀ gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

Ohun kan tí ọlọ́jà kì í sábà sọ: eruku òkúta ẹfun. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀ funfun, á lẹ̀ mọ́ ṣéènì, á sì máa jẹ ẹ́ bíi pépà tí wọ́n fi ń ha igi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ihò wà lára férémù tí wọ́n lè de ìbòrí táyà tó ń gba ẹrẹ̀ (mudguard) mọ́, àti bóyá àyè á ṣì kù láàárín rẹ̀ àti táyà mìlímítà 40.