Ìkìlọ̀ fún Onílé àti Ayálégbé: Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta "Kẹ́míkà" fún Ògiri Tó Ń Mu Omi

Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ti ń yọjú, àsìkò tí àwọn ènìyàn máa ń kun ilé de ọdún Kérésìmesì sì ti dé. Ní àsìkò yìí gan-an ni àwọn kan máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ní kẹ́míkà tí í dí ògiri tó ń mu omi, tí ọ̀dà kò fi ní bó lára rẹ̀ mọ́. Mo gba ọ̀kan nínú wọn gbọ́ ní ọdún tó kọjá, ní ilé bàbá wa ní Sùúrùlérè, 185,000 náírà ni mo sì fi ra ọgbọ́n. Mo kọ ìkìlọ̀ yìí kí ẹlòmíràn má baà rà á ní iye kan náà.

Ògiri pálọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, ọ̀dà rẹ̀ ti wú bí àkàrà. Bí a bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́, ìyẹ̀fun funfun kan yóò sì kù sí wa lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dé ní oṣù Kejìlá, ó fi ọwọ́ pa ògiri, ó mi orí bíi dókítà, ó sì ṣí àwọn àwòrán kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, ògiri tó bàjẹ́ lápá òsì, ògiri tó ń dán lápá ọ̀tún. Kò mú mi lọ sí ìkankan nínú àwọn ilé náà, èmi náà kò sì béèrè. Ó ní Jámánì ni kẹ́míkà òun ti wá, ó ṣe gárántì ọdún 10 fún mi pẹ̀lú ẹnu lásán, ó sì gba gbogbo owó ṣáájú nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, dọ́là ti gbówó lórí. Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ògiri náà díẹ̀, wọ́n da nǹkan kan tó dà bí ògì jáde láti inú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi rólà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi sikirídìn, ohun tí í mú ojú ògiri jọ̀lọ̀, tẹ́ ẹ, wọ́n sì kun sátíìnì, ọ̀dà tó ń dán, lé e lórí. Ọjọ́ méjì péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ògiri náà dán débi pé màmá wa ṣàdúrà fún un kí ó tó lọ.

Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin, tí òjò rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ògiri náà lé ròrò. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀dà àti sikirídìn rẹ̀ ń ṣí kúrò pọ̀ lódidi, bí èèpo iṣu tí a sè, ìbàjẹ́ tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tẹ́lẹ̀ sì ti gun òkè dé ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀. Mo pe ọkùnrin náà títí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Bàbá bíríkìlà kan tó ti bá bàbá wa ṣiṣẹ́ rí ni mo wá lọ bá. Bí wọ́n ti wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Níbo lomi yìí ti ń wá?" Ẹni tó gba owó mi kò béèrè èyí rí, mo sì ti wá gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá dá iye lé ògiri tó ń mu omi láìkọ́kọ́ wá orísun omi náà, yálà kò mọ iṣẹ́ ni tàbí kò fẹ́ ṣe é.

Bàbá ṣàlàyé pé bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo sókè ni búlọ́ọ̀kù ṣe ń fa omi láti inú ilẹ̀, nítorí ihò tín-tìn-tín tó kún inú rẹ̀. Omi náà ń gbé iyọ̀ dání, bí ó bá sì gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ yóò kù síbẹ̀, yóò máa ti ọ̀dà síta. Òun ni ìyẹ̀fun funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́lé fi máa ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ Jámánì fulọ́ọ̀, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé, tí wọ́n sì máa ń fi ohun tí omi kò lè là kọjá sí orí ìpìlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní DPC. Tiwa wà níbẹ̀, kò sì bàjẹ́. Àwa fúnra wa la ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: nígbà tí wọ́n gbé títì àdúgbò wa ga, àwa náà da iyanrìn sí àgbàlá, a to íńtálọ́kì lé e, ilẹ̀ ìta sì ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Láti ìgbà náà ni omi òjò ti ń dúró ti búlọ́ọ̀kù tó wà lókè DPC. Kódà ká ní ojúlówó kẹ́míkà ni wọ́n kùn, ojú tí omi ń gbà gbẹ nínú ilé nìkan ni yóò dí, omi náà yóò sì máa gun òkè wá ojú mìíràn, bó ṣe ṣe sí wa gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúlówó. Bàbá da ìyókù tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ sórí gíláàsì fèrèsé kan tó ti yọ, wọ́n sì ní kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó gbẹ, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá. Wọ́n wá ní kí n ki gíláàsì náà bọ inú omi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tó mọ́ gaara ti padà funfun, ó rọ̀, ó sì ń yọ̀ lábẹ́ ìka mi bí ilá. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn péńtà ń pò mọ́ sikirídìn ni, PVA tí wọ́n ti bu omi là. Gọ́ọ̀mù yìí wúlò lórí ògiri gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá tún kàn án, ó ń rọ̀ padà. Òun ni wọ́n fi dí omi fún mi.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí wọ́n ti fi ojúlówó ohun tí í dí omi kun ògiri rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá fẹ́ kun ọ̀dà lé e. Àwọn ọlọ́jà tún ń jẹ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ́máṣàn àwọn, ìyẹn ọ̀dà olómi, ń dì mọ́ ohun gbogbo. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára ògiri náà: bí omi bá ń yí bí ó ṣe ń yí lórí ewé kókò, ẹ́máṣàn kò ní dì mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ohun dúdú tó jọ ọ̀dà títì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bitumen, àbàwọ́n rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lè là á jáde, iye ìgbà yòówù kí ẹ kùn ún. Kí ọlọ́jà kọ́kọ́ kun ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi abẹ la ojú rẹ̀ ní ìdábùú àti òòró, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á yọ. Bí ọ̀dà bá tẹ̀lé e, ọjà náà kò dára fún ògiri yín.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú lóròó, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí omi bá sẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, inú ògiri ni omi ti ń wá. Bí ó bá sẹ́ sí iwájú, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ní ọ̀rinrin, fèrèsé ni kí ẹ máa ṣí. Ìgbà òjò ló dára jù láti ṣe èyí, nítorí pé ògiri a máa purọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn oníkẹ́ẹ̀gì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wo ara ike rẹ̀ fún àmì NIS àti nọ́ńbà MANCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí dídára ọjà, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì. Nígbà tí mo ń múra láti mú ẹjọ́ lọ sí LASCOPA, tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà ní ìpínlẹ̀ Èkó, mo rí i pé n kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ yàtọ̀ sí nọ́ńbà fóònù tí kò lọ.

Ní báyìí, a ti gbẹ́ iyanrìn kúrò lára ògiri, a ti la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ti ha símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kúrò kọjá ibi tí omi gùn dé. Bàbá ní kí búlọ́ọ̀kù gbẹ dáadáa kí àwọn tó tún un rẹ́, kí a sì fún rírẹ́ tuntun ní ọ̀sẹ̀ 4 kí ọ̀dà tó kàn án.

Kẹ́ẹ̀gì ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ó ń gba 25 lítà, wọ́n sì lẹ ìwé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ mọ́ ọn, pé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, láìsí ọjọ́, láìsí àdírẹ́sì. Nígbà tí òjò rẹ ìwé náà tó sì ṣí, òróró ìsebẹ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.