Irúgbìn bíìtì: oníhóró kan àbí oníhóró púpọ̀?

Oníhóró kan ni irúgbìn tí ọ̀gbìn kan ṣoṣo sábà máa ń yọ nínú rẹ̀; oníhóró púpọ̀ ni èyí tí ọ̀gbìn tó ju ẹyọ kan lọ máa ń yọ nínú rẹ̀. Òfin 2002/54/EC ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba méjèèjì láyè fún bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, àmọ́ ìwọ̀n wọn yàtọ̀. Ó kéré tán, oníhóró kan gbọ́dọ̀ hù dé ìdá 80 nínú 100. Ìdá 68 ni ti oníhóró púpọ̀, tàbí 73 fún àwọn irú kan. Ní ti ìmọ́tótó, ìyẹn bí irúgbìn ṣe mọ́ tó láìsí ìdọ̀tí tàbí irúgbìn mìíràn nínú rẹ̀, ìdá 97 ni fún méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni iye ọ̀gbìn tó ń yọ. Nínú oníhóró kan tó hù, ìdá 90 gbọ́dọ̀ mú ẹyọ kan ṣoṣo jáde. Oníhóró púpọ̀ máa ń yọ méjì, mẹ́ta lójú kan, ó sì di dandan kí a fọwọ́ fa àṣẹ́kù tu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò owó iṣẹ́ yìí kí ẹ tó sọ pé oníhóró kan wọ́n jù.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ wo àmì búlúù irúgbìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí lára àpò.

Bí ẹ̀rọ ló ń gbìn, tí oko sì tóbi, oníhóró kan ló yẹ. Bí oko bá kéré, tí ọwọ́ láti fa àṣẹ́kù tu sì wà, oníhóró púpọ̀ kò burú.