Ìgbà Wo Ni Wọ́n Dá A? Àgbéyẹ̀wò Bíà Amẹ́ríkà Láti Dublin

Nílé wa ní Iléṣà, bàbá mi kì í gba ẹmu lọ́wọ́ ẹlẹ́mu láì kọ́kọ́ bi í pé ìgbà wo ló dá a. Bí ó bá jẹ́ ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọn a gbé akèrègbè wọlé. Bí ó bá jẹ́ ti àná, ẹlẹ́mu á máa gbé e lọ, nítorí adùn rẹ̀ ti lọ, kíkan ló kù. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìbéèrè yìí gan-an ni yóò wúlò fún mi jù lọ ní Dublin, olú ìlú Ireland, níbi tí mo ti ń gbé láti ọdún 2017, tí mo sì ti ń fi owó ara mi ra bíà àwọn ilé ìpọntí kéékèèké ti Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí craft beer. N kò wá yẹ ilé ìpọntí kan ṣoṣo wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ọtí wọ̀nyí ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tó ń mu wọ́n ní òdìkejì òkun, èyí tó dára nínú wọn, èyí tí owó ẹni kò yẹ kó bá lọ, àti ohun tí ó yẹ kí olùrà wò kí ó tó mú àpò jáde.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Dublin yóò béèrè pé kí ni mo wá bíà Amẹ́ríkà lọ sí ní ìlú tí Arthur Guinness ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọntí ní St James's Gate láti ọdún 1759. Guinness náà ni mo kọ́kọ́ mu nígbà tí mo dé, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé Guinness tí mo mọ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ọtí alágbára tó tó 7.5%, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn, tí ó sì ń korò dé ọ̀nà ọ̀fun. Ti Dublin kò ju nǹkan bíi 4.2% lọ, ó rọ̀, ìfófó rẹ̀ sì dà bí ọ̀rá wàrà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkorò yẹn ni ẹnu mi ń wá. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ra Sierra Nevada Pale Ale kan fún mi ní ọdún 2018, ó ní bóyá ohun tí mò ń wá ló wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Sierra Nevada yìí ni n óò kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀, nítorí pé òun ni mo fi ń wọn gbogbo ìyókù. Ìlú Chico ní California ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ken Grossman àti Paul Camusi ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọdún 1980 sì ni wọ́n pọn ìkòkò àkọ́kọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo tí a ti fọ́, agbára rẹ̀ jẹ́ 5.6%, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán bí èèpo ọsàn gerepù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná ya. Inú òdòdó hops tí a ń pè ní Cascade ni òórùn náà ti ń wá. Oregon ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ jáde fún àgbẹ̀ ní ọdún 1972. Kí Cascade tó dé, díẹ̀ ni àwọn apọntí ń fi hops wá òórùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lò ó kí adùn ọkà má bàa pọ̀ jù, kí ọtí má sì tètè bàjẹ́. Ìkorò rẹ̀ kò jọ ti ewúro tó máa ń dúró sórí ahọ́n láì kúrò, ti orógbó ló jọ: ó kọ́kọ́ korò, lẹ́yìn náà omi tí ẹ bá mu tẹ̀ lé e á dùn.

Ìdí mìíràn wà tí bíà yìí fi ń dé Ireland láì tíì kú. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ìwúkàrà díẹ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nínú ìgò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rọ ọtí sínú rẹ̀, ìwúkàrà náà a sì gbé lára atẹ́gùn tó kù nínú ìgò mì. Atẹ́gùn yẹn ni ọ̀tá. Bí ó bá ráyè nínú ọtí, tí ooru sì wá ràn án lọ́wọ́, òórùn ọsàn á kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà adùn kan bí oyin àtijọ́ á yọ, nígbà tó bá yá ẹ ó máa tọ́ páálí tí òjò pa wò. Ìmọ́lẹ̀ náà ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń lo ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí agolo, tí kì í ṣe ìgò aláwọ̀ ewé.

Páálí tí òjò pa yìí, mo ti mu ún, owó mi ni mo sì fi rà á. Ní ọdún 2019, mo ra agolo mẹ́rin IPA (India Pale Ale, bíà tí wọ́n ń fi hops púpọ̀ sí) ní ilé ìtajà ọtí kan tí n kò ní dárúkọ, láti ọwọ́ ilé ìpọntí kan tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn olùfẹ́ bíà. Mo dojú agolo dé, mo rí 04/09/19 ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù kẹwàá la wà, mo sì rò pé wọ́n dì í ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, pé ọtí oṣù kan péré ni. Nígbà tí mo ṣí i, kò sí òórùn kankan níbẹ̀ ju ti súgà tó jóná lọ. Lẹ́yìn tí mo ti bínú tán ni mo rántí pé oṣù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó kọ ọjọ́: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni wọ́n di ọtí náà, oṣù mẹ́fà gbáko ló sì ti wà lórí ọkọ̀, nínú ilé ìkẹ́rùsí, àti lórí pẹpẹ tí kò sí nínú fíríìjì. Irú IPA yẹn kò yẹ kó kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka déètì bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kà á.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀ràn yìí ni àwọn IPA tó dàrú, tí ojú wọn kò mọ́ gaara (hazy IPA), tí wọ́n kọ́kọ́ ń pọn ní àgbègbè Vermont àti Massachusetts. Heady Topper ti ilé ìpọntí The Alchemist ní Vermont ló sọ irú wọn di olókìkí, 8% ni agbára rẹ̀, inú agolo 473 mílílítà ló sì ń wá. N kò rí i rà ní Dublin rí. Àbúrò mi tó ń gbé ní Boston ló gbé mẹ́rin wá nínú báàgì tó fi sábẹ́ bàálù. (Lítà 16 ni òfin fi àyè gbà fún àgbàlagbà tó ń bọ̀ láti ìta Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti gbé wọlé láì san owó ibodè, nítorí náà kò rú òfin kankan.) Wọ́n kọ ọ́ sára agolo náà pé inú agolo ni kí a ti mu ún. Mo ṣàìgbọràn, mo dà á sínú gíláàsì, ó sì rí bí omidùn tí ẹnìkan da omi ọsàn sí. Ìyàwó mi ní òun kò mu ohun tó jọ omi ògì. Ṣùgbọ́n òórùn máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó jáde níbẹ̀ kún gbogbo yàrá ìdáná, ọtí náà sì lọ lẹ́nu bí ẹni pé kò lágbára, bẹ́ẹ̀ mo mọ agbára rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ dìde. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ti dì í. Láti ọjọ́ yẹn, n kò ra IPA dídàrú láti Amẹ́ríkà mọ́ bí déètì rẹ̀ bá ti kọjá oṣù méjì, iye yòówù kí wọ́n dín lórí rẹ̀. Ẹ̀dínwó gan-an máa ń jẹ́ àmì pé ó ti pẹ́.

Ti ọtí dúdú yàtọ̀. Old Rasputin, tí North Coast ń pọn ní Fort Bragg ní California, jẹ́ 9%, ó dúdú bí èédú, ó sì ní adùn kọfí àti kòkó sísun. Mo fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn fún ọdún méjì, ó jáde pẹ̀lú adùn bí èso àjàrà gbígbẹ tí kò sí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọtí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò bẹ̀rù ìrìn àjò, ẹni tí kò bá sì fẹ́ máa ṣírò oṣù kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo tún fẹ́ràn Milk Stout ti Left Hand láti Colorado, èyí tí wọ́n fi súgà inú wàrà sí. Wọ́n ní oríṣi kan tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ náítírójìn mú kí ìfófó rẹ̀ ki. Guinness ló mú ọgbọ́n náítírójìn yìí jáde fún ayé ní ọdún 1959, nítorí náà ọgbọ́n Dublin ni mò ń san owó ọkọ̀ ojú omi lé lórí. Kò dùn mí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé IPA ló bá àsun mu. Ìkorò hops máa ń ru ata sókè lẹ́nu ni. Mo fi IPA 7% jẹ àsun níbi ìkómọ kan ní Balbriggan, omi ló sì gbà mí. Milk Stout ló yẹ ata, nítorí adùn rẹ̀ máa ń pẹ̀tù sí i. Pale Ale ni kí ẹ fi ti ẹja díndín tàbí móínmóín.

Owó rẹ̀ kò kéré. Ìjọba Ireland ń gba Yúrò 22.55 lórí ìdá kọ̀ọ̀kan agbára ọtí nínú ọgọ́rùn-ún lítà bíà, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgò Sierra Nevada 355 mílílítà kan ti ru nǹkan bíi sẹ́ǹtì 45 kí owó orí ọjà 23% tó gun orí rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 2022 ni òfin ti sọ pé ọtí kò gbọdọ̀ wọ́n kéré ju sẹ́ǹtì 10 lórí gíráàmù alcohol kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Òfin yìí ká àwọn tó ń ra bíà olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ kò; bíà tí mò ń sọ ti wọ́n kọjá ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024, a tún ń fi sẹ́ǹtì 15 dúró lórí agolo, a ó sì gbà á padà bí a bá dá agolo òfìfo padà sínú ẹ̀rọ. Àwọn agolo tí àbúrò mi gbé wá láti Boston kò ní àmì rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń pọ̀ wọ́n padà sí mi lọ́wọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ilé ìtajà kò gbọdọ̀ ta ọtí lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́.

Àwọn tó rọrùn jù láti rí ni èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ti rà. Goose Island ti Chicago ti di ti Anheuser-Busch láti ọdún 2011. Heineken ra ìdajì Lagunitas ní ọdún 2015, ó sì ra ìyókù ní ọdún 2017. Mahou San Miguel ti Spain ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú Founders. Àwọn kan kì í mu wọ́n mọ́ nítorí èyí. Èmi ń mu All Day IPA ti Founders, 4.7% péré ni, a sì lè mu méjì kí a ṣì ronú tààrà. Ohun tí mo ń wò ni ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n gan-an, tí wọ́n máa ń kọ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ lẹ́yìn agolo, nítorí pé bíà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Amẹ́ríkà lè jẹ́ èyí tí wọ́n pọn ní Yúróòpù. Kò burú, ó tilẹ̀ lè jẹ́ tuntun ju èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ṣùgbọ́n kí n mọ ohun tí mò ń ra.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sì mú mi dé ibi tí n kò rò pé n óò dé. Àwọn ilé ìpọntí Ireland fúnra wọn ń ra hops Amẹ́ríkà báyìí. Of Foam and Fury ti Galway Bay, 8.5%, jẹ́ IPA tí ẹni tó bá dijú mu ún yóò sọ pé California ni wọ́n ti gbé e wá. Àwọn IPA dídàrú tí Whiplash ń pọn ní Dublin níbí kún fún máńgòrò àti ọsàn, mo sì lè rí wọn rà nígbà tí wọn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, owó IPA mi ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ti Amẹ́ríkà tí mò ń rà ni Pale Ale Sierra Nevada, àwọn ọtí dúdú, àti ohunkóhun tí déètì rẹ̀ bá ṣì kéré. Ọmọ tó ń tajà ní ilé ìtajà àdúgbò wa ti mọ̀ mí débi pé, kí n tó la ẹnu, ó ti dojú agolo dé, ó ti ń ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún mi, oṣù ṣíwájú, ọjọ́ tẹ̀ lé e.