Porsche 911 ti ọ̀wọ́ 996: ẹ wo ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó wo ọ̀dà

Nínú gbogbo 911 àlòkù, 996 ni owó rẹ̀ sábà máa ń rọjú. Ọdún 1997 ló jáde, òun sì ni 911 àkọ́kọ́ tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára. Atẹ́gùn ni gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lò. Iná iwájú rẹ̀ tó dà bí ẹyin díndín ni wọ́n fi ń bú u. Ìyẹn ò ṣe nǹkan. Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn ni ká bèèrè.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní M96 ló wà nínú Carrera, ìyẹn 996 tó wọ́pọ̀: lítà 3.4, agbára ẹṣin 300 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá irin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IMS, òun ló ń fa ṣéènì tó ń yí camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Bẹ́ríǹ kan gbé e ní ìhà kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi gíríìsì sínú rẹ̀, wọ́n sì fi síìlì pa á dé. Bí ooru bá ti mú síìlì yẹn gan, ọ́ìlì á yọ́ wọlé, á fọ gíríìsì kúrò, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀ á wá máa jẹ. Ọjọ́ tí bẹ́ríǹ bá fọ́, ọ̀pá á mì, ṣéènì á fò, fáàfù á gbá písítìnì. Ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn. Bẹ́ríǹ onílà méjì ti àkọ́kọ́ le ju onílà kan tó rọ́pò rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì gé fíltà ọ́ìlì, kó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn, kó sì fi òòfà wọ́ ọ. Èérún ike lè wá láti ara ohun tí ṣéènì ń gùn lé. Tí irin tó ń dán bá lẹ̀ mọ́ òòfà, ẹ máa bá tiyín lọ.

Láti pààrọ̀ bẹ́ríǹ IMS, gíábọ́ọ̀sì á sọ̀kalẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti flywheel (irin róbótó tó wúwo tí kílọ́ọ̀ṣì ń lẹ̀ mọ́) á kúrò. Wọ́n á ti crankshaft (ọ̀pá tí písítìnì ń yí) àti camshaft pa kí wọ́n tó tú ohun tó ń fa ṣéènì le. Ẹni tí kò bá tì wọ́n, ibẹ̀ ni timing, ìyẹn bí fáàfù àti písítìnì ṣe ń bára wọn rìn, á ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn crankshaft níbẹ̀ náà, torí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ kan náà ni.

Irú 996 méjì mìíràn, GT3 (1999, lítà 3.6, agbára ẹṣin 360) àti Turbo (420), kò ní wàhálà yìí. Ẹ́ńjìnnì Hans Mezger, ẹnjiníà Porsche, ni tiwọn, mọ̀lẹ́bí ti 911 GT1, mọ́tò eré ìje tó gba Le Mans, eré ìje wákàtí 24 ní ilẹ̀ Faransé, ní 1998. Bẹ́ríǹ tí kò ní ọmọ róbótó ló gbé IMS wọn, ọ́ìlì ń ṣàn sí i tagbáratagbára. Táǹkì ọ́ìlì tún dá dúró lọ́tọ̀, torí náà ọ́ìlì kì í sá fún pọ́ǹpù bí mọ́tò bá ń yí kọ́nà eré ìje. Àmọ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹnu páìpù omi ẹ́ńjìnnì wọn! Bó bá pẹ́, ooru á tú u, omi á dà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn lórí eré. Kí wọ́n jó o pọ̀ tàbí kí wọ́n fi píìnì dè é.

Tí Carrera bá jẹ́ Tiptronic (gíà tó ń yí ara rẹ̀), ẹ ṣọ́ra sí i: kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí ń jẹ, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀ wo bẹ́ríǹ náà rí.