Òrùka adápítọ̀ M39: ẹ má rà á fún SLR torí lẹ́ńsì wáìdì

Àwọn onífọ́tò ẹgbẹ́ mi ní Kabba ò yé bi mí bóyá lẹ́ńsì wáìdì (èyí tó ń gba ibi fífẹ̀) ti rangefinder àtijọ́, kámẹ́rà tí kò ní díńgí tó ń fò sókè, ṣe é dè mọ́ SLR, kámẹ́rà onídíńgí tí a fi ń ṣiṣẹ́ òde. Mo wá ra òrùka méjì, irú tó ń so lẹ́ńsì M39 (onískúrù mìlímítà 39) mọ́ kámẹ́rà míì: ọ̀kan fún Nikon onídíńgí, ọ̀kan fún Sony mirrorless tí kò ní díńgí, mo sì fi Jupiter-12 dán wọn wò: 35mm f/2.8, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n wo Biogon, lẹ́ńsì Zeiss ti Jámánì, ṣe.

Ti Nikon yẹn, irin rẹ̀ dáa, kò mì rárá. Àmọ́ ibẹ̀ ni ìyìn rẹ̀ mọ. Ẹnu ibi tí lẹ́ńsì rangefinder M39 ti ń dè gbọ́dọ̀ wà ní mìlímítà 28.8 sí fíìmù. Ti Nikon F jẹ́ 46.5, torí díńgí tó ń fò sókè ń fẹ́ àyè. Òrùka lè fi kún jíjìn yẹn. Kò sí èyí tó lè bu nínú rẹ̀. Bí lẹ́ńsì bá sì jìnnà sí fíìmù ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó wà lókèèrè ò ní mọ́. Jupiter-12 tún wá le sí i: ìdí rẹ̀ yọ gùn wọnú kámẹ́rà, ọ̀nà díńgí gan-an ló sì dí. Nígbà tí mo fojú wọn bó ṣe gùn tó, mi ò jẹ́ tẹ bọ́tìnnì rárá. Mo fi Jupiter-8, 50mm tí ìdí rẹ̀ kúrú, rọ́pò rẹ̀. Ohun tó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 síwájú lẹ́ńsì nìkan ló mọ́. Ó dùn ún fi ya òrùka ìyàwó àti ìlẹ̀kẹ̀, ká má parọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń wá wáìdì torí ìyẹn?

Kódà Nikon fúnra wọn ṣe lẹ́ńsì wáìdì onídìí gígùn bẹ́ẹ̀, 2.1cm f/4, fún Nikon F ní 1959. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ gbé díńgí sókè kó sì fi ihò ìwòran ọ̀tọ̀ sórí kámẹ́rà.

Ti Sony ni mo fẹ́ràn. Mìlímítà 18 péré ni ẹnu rẹ̀ sí sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán dípò fíìmù, nítorí náà òrùka ní 10.8 láti fi dí àlàfo náà. Àwọn òkè àpáta Ògìdì mọ́ kedere láàárín fọ́tò. Igun ló ń ṣe bàìbàì, pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò díẹ̀, torí ìdí lẹ́ńsì sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lu etí rẹ̀. Tí mo bá dín ihò ìmọ́lẹ̀ lẹ́ńsì kù dé f/8, ó ń dín kù, kì í tán. Fún fọ́tò ẹbí, àwọn bàbá àti ìyá ń jókòó láàárín; àwọn ọ̀dọ́ tó wà létí ni yóò fara mọ́ ọn. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ibi tí a ti ń yí f, ìwọ̀n ihò ìmọ́lẹ̀ náà, inú ẹnu lẹ́ńsì níwájú: bí ìka bá ti wọbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Kò sì lè mú ohun tó bá sún mọ́ ju mítà kan lọ, nítorí náà kì í bá mi wọ pálọ̀ híhá.

Ẹ bi oníṣòwò dáadáa irú lẹ́ńsì M39 tí òrùka náà wà fún kí ẹ tó sanwó: lẹ́ńsì Zenit àtijọ́ náà ń lo ẹnu M39 yìí, ṣùgbọ́n ti SLR ni, mìlímítà 45.2 ni tirẹ̀ sí fíìmù. Òrùka mi wọ méjèèjì, ẹni tó tà á fún mi ò sì sọ ìyàtọ̀ kankan.